Kí Ọkọ̀ Yín Tó Kọjá Sẹ̀mẹ̀

Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń múra láti gbé ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, Lómè tàbí Accra. Àwọn kan ń lọ ṣe ìgbéyàwó, àwọn kan ń lọ sí àpéjọ ìjọ, àwọn mìíràn kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibòmíràn ni. Láti Ìgándò, ẹ ó gba LASU jáde sí Ìyànà-Ìbá, ẹ ó bọ́ sí títì Badagry, ó di Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀nà náà kò jìn, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é bí ẹni ń lọ sí Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, òfin onílé ló máa mú yín.

Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, “ECOWAS ni gbogbo wa, kò sí físà.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà, bí a bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àdéhùn kan náà sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ ti ara ẹni lè lo 90 ọjọ́, bí awakọ̀ bá mú láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, íńṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà tẹ́wọ́ gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó fàyè gba ọkọ̀ náà láti wọlé. Ní ti ọkọ̀ èrò, 15 ọjọ́ péré ni, kò sì gbọdọ̀ ṣòwò níbẹ̀. Kí àwọn ìjọ tó ń háyà bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkòtún fetí sí èyí dáadáa, kí awakọ̀ wọn má lọ máa pe èrò ní Kútọnu nígbà tí ẹ̀yin bá wà nínú ìsìn. Bí ọkọ̀ kì í bá sì í ṣe ti yín, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ íńṣọ́ránsì yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Èyí tí a ń rà nílé láti fi kọjá lójú ọlọ́pàá kì í kọjá Sẹ̀mẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lókè ọ̀hún ni káàdì tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982. Ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì yín ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń tajà ìwé lẹ́bàá ibodè. Ẹ wo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà tó wà ní Kútọnu, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan. Bí ọkọ̀ yín bá kọlu ọ̀kan nínú wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀? Ẹni tó bá ní káàdì yìí, ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ni yóò gbé e gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, òun àti ìdílé tálákà yẹn ni wọn yóò jọ jìyà.

Ní ti ìwakọ̀, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà, bíi tiwa láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Ohun tó ń mú àwọn ará Èkó ni ìkóríta tí kò ní àmì ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: ẹni tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún yín bọ̀ ló ní ọ̀nà. Fèrè kò yí i padà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ àwọn pátákó: “Douane” ni kọ́sítọ́ọ̀mù, “Péage” ni ibi tí a ti ń san owó títì, “Ralentir” ni kí ẹ dẹ eré.

Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ kọ́kọ́ kí i, nítorí àwọn tó ń sọ Faransé kì í fojú kékeré wo ìkíni. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Bí ó bá ní ẹ ṣẹ̀ sí òfin, ẹ béèrè irú òfin tó jẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì owó ìtanràn. “Reçu” ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Rìbá wà níhà ọ̀hún, ó wà níhà ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, ẹni tó bá ti gba Badagry kọjá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti rí i pé ìwé tí kò pé ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Owó tí àwa arìnrìn-àjò fi ń yára kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ìyá oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bu iye rẹ̀ lé lórí.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà yóò tún béèrè ìwé owó-orí ọkọ̀. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti tà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín ń pè wá sí London, apá òsì ni ti wọn. Àlejò lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n kí íńṣọ́ránsì ọkọ̀ ọmọ yín bo ẹ̀yin náà, nítorí ọlọ́pàá lè gba ọkọ̀ tí kò ní íńṣọ́ránsì lójú ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣílẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ láti lọ bẹ ọlọ́pàá bí a ti ń ṣe nílé. Ẹ jókòó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn, títí yóò fi sọ ohun tó fẹ́. Ẹ má sì fi owó lọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Bí wọ́n bá ti ẹnì kan mọ́lé nílẹ̀ òkèèrè, àdéhùn Vienna ti 1963 fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n sọ fún aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nàìjíríà ní aṣojú ní Kútọnu, Lómè àti Accra. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé kékeré kan kí ẹ tó gbéra, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tó wà nílé, torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn.