Fóòmù Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Oorun Dùn Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwa èrò tí ń sùn sínú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì kúrò lára pákó.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan ìwé ìròyìn nínú ibùsùn. Ó kàn án o. Òfin ti de ìrìn àjò òru fún ọkọ̀ èrò lórí omi wa, òfin náà sì dára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú ọkọ̀ láàárín Ìgbókòdá sí Ẹ̀pẹ́, èbúté tó bá sún mọ́ ni wọn yóò so ó mọ́, inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èrò yóò sùn mọ́jú. Àwọn apẹja àti àwọn tí ń wa yanrìn náà ń sùn bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ṣe tẹ́ ẹní rẹ̀ ni yóò ṣe sùn lé e.

Ní ọdún 2019, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Òjò dá ọkọ̀ wa dúró, a sùn sí èbúté abúlé kan. Ọlọ́kọ̀ ní kí a má mikàn, pé fóòmù tuntun wà nílẹ̀. Lóòótọ́ ó nípọn, ó sì rọ̀ bí òwú. Inú gbogbo wa dùn. Àfi bí ó ṣe di ààjìn tí ẹ̀yìn mi tutù rinrin. Mo fọwọ́ tẹ fóòmù, omi ru jáde. Ìyálọ́mọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ rẹ̀ ń húkọ́, aṣọ ọmọ náà ti rẹ. Ó ní, "Bàbá, ibo ni n ó gbé e sí báyìí o?" Mo ní, "Ọmọ mi, fara balẹ̀." Mo kó pákó mẹ́rin tí mo rà bọ̀ láti ọjà, mo gbé wọn dábùú lórí àpótí ẹrù méjì, mo tẹ́ ẹní mi lé e. Ibẹ̀ ni ọmọ náà sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwa tó kù jókòó ti fóòmù olówó ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Kò sí ọkọ̀ onípákó tí omi díẹ̀ kì í wọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń gbọ́n ọn. Fóòmù sì dà bí kànìnkànìn, ohun tó bá kàn án ló ń fà mu. Ká tilẹ̀ ní omi ò wọlé rárá, òógùn àti ooru ara wa yóò bá pákó tó tutù pàdé nísàlẹ̀, yóò sì di omi. Bí atẹ́gùn kò bá ráyè kọjá níbẹ̀, fóòmù yóò máa bu, yóò máa rùn. Omi ọ̀sà tiwa yìí tún máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ tí omi iyọ̀ bá wọ̀ kì í gbẹ dénú, nítorí iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi kànga ni kí ẹ fi ṣàn án kí ẹ tó sá a sóòrùn.

Ní tèmi, gbígbẹ ló ṣáájú, rírọ̀ ló tẹ̀ lé e. Kí ọlọ́kọ̀ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi adábùú, kí ó ga kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, kí àyè ìka kan wà láàárín pákó sí pákó, kó sì ṣeé gbé kúrò bí a bá fẹ́ gbọ́n omi. Kí a tẹ́ ẹní lé e. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro bí irú tèmi lè wá fi fóòmù íǹṣì 3 lé ẹní lórí. Lọ́sàn-án, ẹ fi ọ̀rá wé fóòmù nítorí omi tí ń ta. Lálẹ́, ẹ tú u, kí òógùn má baà há sínú rẹ̀. Ní ti ìrọ̀rí, òwú àràbà àtijọ́ dára, kì í tètè mu omi. Òun náà ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀wù agbẹ̀mílà nígbà kan rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù agbẹ̀mílà yìí ló bà mí lẹ́rù jù. Lóru ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀rí, òun ni gbogbo wa ká sábẹ́ orí, èmi àgbàyà náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú fóòmù ẹ̀wù náà ló ń mú un léfòó. Bí a bá ń fi orí àti ìdí tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, yóò pẹlẹbẹ, kò sì ní lè gbé ènìyàn bó ti yẹ mọ́. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ohun tí yóò gba ẹ̀mí là, ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí.

Ẹ má gbàgbé iná. Fóòmù tètè ń gbaná, májèlé sì ni èéfín rẹ̀. Kí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jìnnà sí ibùsùn. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ amúnáwá tàbí iná èédú sábẹ́ tapólì tí ènìyàn ń sùn sí. Oró kan wà nínú èéfín wọn tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, a sì máa pani lójú oorun.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó fóòmù fún káfíńtà. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ni mò ń wá, mo ti fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin èrò, kí ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ibùsùn. Bí ọwọ́ yín bá tutù, ẹ béèrè pákó. Olúwa yóò máa mú wa gúnlẹ̀ láyọ̀ o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà Ọkọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìntì,
Ẹ̀pẹ́.