Ọmọ Náà Wò Ó, Kò Rí I Ni



Ọmọ á dìde nínú kíláàsì láti ka "ọkọ̀ bàbá mi", á pè é ní "ọkọ bàbá mi", gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Òbí tó jókòó lẹ́yìn á pariwo: "Wò ó dáadáa! Àmì wà lórí ẹ̀!" Ọmọ á tún tẹjú mọ́ ìwé, á tún ṣì í kà. A ó wá ní kò fọkàn sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti ya "wò" sọ́tọ̀ kúrò lára "rí". Ọmọ náà wò ó. Kò rí i ni.

Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Apá ọpọlọ tó ń gba ohun tí ojú kó wá wà ní ìpàkọ́. David Hubel, tí wọ́n bí ní Windsor, ní Ontario wa níbí, àti Torsten Wiesel wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981, nítorí wọ́n fi hàn bí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe pín iṣẹ́: òmíràn ń dáhùn sí ìlà tó dúró gangan, òmíràn sí èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí sì ni àmì ohùn bí kò ṣe ìlà kékeré tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ojú ọmọ yín ti jíṣẹ́ tiẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù ń ti òkè wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń jọ ru sókè, wọ́n á jọ rọlẹ̀, bí ìgbì omi. Lọ́dún 1924, Hans Berger ní ìlú Jena, ní Jámánì, gba ìgbì yìí sílẹ̀ láti orí ènìyàn. Èyí tó ń pe alpha ń ru bíi ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń lágbára bí a bá dijú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ló rò pé ọpọlọ tó ń sinmi lásán ni. Gamma yára jù ú lọ, ó ń tó ìgbà 30 sókè.

Lọ́dún 2014, Timo van Kerkoerle, Pieter Roelfsema àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amsterdam tẹ àbájáde kan jáde láti ara ọ̀bọ. Gamma ń gbé ìròyìn láti ibi tí ìríran ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ lọ sókè. Alpha ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ìsàlẹ̀, gamma yọ lókè. Wọ́n kan òkè, alpha yọ nísàlẹ̀. Ẹ rántí omele tó ń dún kíákíá láìdákẹ́, àti ìyáàlù tó ń darí. (Àfiwé lásán ni o. Ẹ má lọ sọ fún tíṣà sáyẹ́ǹsì yín pé ìlù wà nínú ọpọlọ.)

Lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń gba ọ̀nà òkè yìí wá ni ohun tí a ti mọ̀ àti ohun tí a ń retí. Kí wá ni ọmọ Toronto ń retí? Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì ohùn. Faransé tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ní àmì, ṣùgbọ́n àmì yẹn kì í gbé ohùn sókè tàbí sódò. Ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ láti fojú fo ohun tí à ń bá a wí lé lórí. Àwọn onímọ̀ yẹn kò sọ̀rọ̀ àmì ohùn Yorùbá. Èmi ni mo fà á débí, ẹ lè bá mi jiyàn.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àbá pé kí a gé àkókò àlọ́ sí ìdajì, kí a fi kún ìwé kíkà. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" lẹ́nu ènìyàn títí tí yóò fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kí ni òkè fẹ́ rán sísàlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí tíṣà sọ ìtàn náà tán lẹ́nu, kí àwọn ọmọ gbè é, kí wọ́n tó ṣí ìwé. Bí ẹ bá sì ń kó wọn jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè, Yorùbá ni kí ẹ fi sọ pé kí wọ́n wọnú ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ń tọrọ kí a tó dìbò lórí àbá náà.