Ojú irin Èkó dúró sí Mile 2: ta ni yóò gbé wa dé Okokomaiko?

Ọ̀rọ̀ ojú irin Èkó ni mo mú wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan ará Kétu níbẹ̀. Ó kàn wá dáadáa. Ẹni tó bá gba Àjàṣẹ́ lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tó sì kọjá Àgbádárìgì, Okokomaiko ni yóò ti mọ̀ pé òun ti wọ Èkó, nítorí níbẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti máa ń dá a dúró. Òpópónà yẹn kan náà ni ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line yẹ kó gbà, láti Marina títí dé Okokomaiko, kìlómítà 27. Títí di òní, Mile 2 ló dúró sí. Kò ju nǹkan bí ìdajì ọ̀nà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1983, Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún náà, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé e. Ayé Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n tó tún gbé e dìde. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ China tó ń jẹ́ CCECC ní 2009, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ní kò ní pẹ́ tí èrò á fi máa wọ̀ ọ́. Fáṣọlá lo ìgbà rẹ̀ tán, Ambode lo tirẹ̀ tán, ọkọ̀ kò rìn. Ẹni tó wá ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari, ẹni kan náà tí ìjọba rẹ̀ fagi lé ti Jakande ní ọdún 38 ṣáájú. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n pè ní ṣíṣí. Kìlómítà 13 àti ibùdókọ̀ márùn-ún ni wọ́n ṣí. Ààrẹ wọ ọkọ̀, wọ́n ya fọ́tò, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Èrò lásán kò wọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, oṣù méje ó lé. Èmi kò bá wọn jà lórí oṣù méje yẹn. Iná mànàmáná tó lágbára ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin náà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kàn án kò ní rójú ṣàlàyé. Ó yẹ kí wọ́n mọ odi, kí wọ́n kọ́ awakọ̀, kí wọ́n sáré ọkọ̀ lófìfo títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, bí ẹ bá mọ̀ pé gbogbo èyí ṣì kù, kí lẹ gé rìbọ́nì sí?

Kì í ṣe Èkó nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní Dakar, Ààrẹ Macky Sall ṣí ọkọ̀ ojú irin TER ní oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí ìdìbò ku oṣù kan. Èrò kò wọ̀ ọ́ títí di òpin oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ní Niamey, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n sì ní irin náà yóò wá pàdé tiwa ní Parakou. Irin dé Dosso, ó dúró síbẹ̀. Àwa fúnra wa ńkọ́? Ojú irin tí àwọn Faransé ṣe láti ìhà Kútọnu gba Àjàṣẹ́ wá, Pobè ló parí sí. Kò fìgbà kan dé Kétu, koríko sì ti bo èyí tó dé Pobè pàápàá. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé a mọ ohun tó ń jẹ́ kí irin dúró lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní àìsàn aláwọ̀ dúdú ni. Irọ́ ni. Ní London, ojú irin Elizabeth yẹ kó ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ló tó gbé èrò. Iṣẹ́ irin máa ń pẹ́ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti London pẹ́, alága ilé iṣẹ́ náà, Terry Morgan, kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí ọdún 2018 tó parí, wọ́n sì ń sọ fún aráàlú ohun tó kù àti owó tó tún wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ á kọjá, wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn, kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún èyí tó kọjá.

Bí olùkọ́ bá sọ fún kíláàsì pé ọjọ́ Ẹtì lòun yóò dá ìwé ìdánwò padà, tí ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta sì kọjá, bó bá sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ kò ní gbà á gbọ́. Ohun tí ìjọba ń fi ọjọ́ èké bà jẹ́ nìyẹn. Oníṣòwò tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, òbí tó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ tó wọ LASU yóò gbé, gbogbo wọn ló ń fi ọjọ́ tí ìjọba dá ṣe ètò. Bí ọjọ́ náà bá yẹ̀, àpò tiwọn ló ń jò, kì í ṣe ti ẹni tó dá a.

Ọjọ́ tí Buhari ṣí ìpele kìíní náà ni wọ́n buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ ìpele kejì, láti Mile 2 gba Festac, Alakija, Trade Fair, Volkswagen àti LASU dé Okokomaiko. Àwọn tó ń gbé lápá ibẹ̀ ló fara gbá a jù nígbà tí wọ́n ń fẹ òpópónà Àgbádárìgì. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wó ilé, eruku gbẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ òjò, ọdún lórí ọdún. Ẹni tó wà ní Marina ti ń wọ ọkọ̀ báyìí. Ẹni tó wà ní Okokomaiko ṣì ń jí kí àkùkọ tó kọ kó tó lè bá danfó lọ síbi iṣẹ́, ìyá tó sì ti ìhà ọ̀dọ̀ wa gbé gaàrí wọ̀lú ṣì ń sanwó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé ọjà. Ẹni tó fara da ìyà iṣẹ́ jù ni wọ́n fi sẹ́yìn.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí aráàlú béèrè. Àkọ́kọ́, kí wọ́n má gé rìbọ́nì mọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí èrò yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: ohun tó ti parí, ohun tó kù, owó tó ti jáde. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ìyá ọlọ́jà ló gbọ́ òyìnbó. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì sí i fún àwọn tó ń dúró. Ìlérí ọkọ̀ ọ̀la kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà òní di kòtò.

Ẹ̀yin ará Kétu, ìbéèrè yìí kan náà ni kí a máa bi àwọn tiwa. Bí mẹ́rì bá wá sọ pé kànga ẹ̀rọ yóò ṣàn lóṣù tó ń bọ̀, tàbí pé ọ̀nà oko yóò dára kí òjò tó dé, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé: kí ló kù? Ta ló ń sanwó rẹ̀? Kí la ó máa mu títí dìgbà náà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà di ìgbà tó bá tún wá.