Ẹ Ṣí Ojúde fún Àwọn Ọmọ



Bí Ifá bá ní kí ẹnì kan bọ ẹgbẹ́, ohun èlò rẹ̀ kò ṣòro kó jọ: àkàrà, àádùn, ìrèké, ẹ̀pà, oyin. Ohun tí ó wá ṣọ̀wọ́n ní àwọn àdúgbò tuntun ni ọmọdé tí yóò jẹ ẹ́. Nígbà kan, ẹnikẹ́ni kì í ránṣẹ́ pe ọmọ sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ojúde ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣeré. Nísinsìnyí, ní àwọn ẹ́sítéètì Ìbàdàn àti Èkó, ẹni tí ó ni ẹbọ ní láti fóònù láti ilé dé ilé kí a tó rí ọmọ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kún inú àwọn ilé náà. Ògiri àti géètì ni ó pín wọn níyà.

Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ Ìṣẹ̀ṣe ni ọ̀rọ̀ eré ìta, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn ọmọ lásán. Bí mo ti lóye ẹgbẹ́ bíbọ, ọmọ tí ó ní ẹgbẹ́ lọ́run nílò ẹgbẹ́ láyé tí yóò mú kí ayé wù ú. Bí a bá ti ọmọ náà mọ́lé lẹ́yìn ẹbọ, kí ni a ṣe?

Ẹ tún wo ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a fi ara ṣe ọgbà yí ẹran ká. Ẹkùn a máa wá ibi tí ọgbà ti dẹ̀. Ẹnì kan ń lé, ìyókù ń gbè. Lílé àti gbígbè yìí kan náà ni òpó ìyẹ̀rẹ̀ Ifá. Ọmọ tí kò gbe orin eré rí, ọjọ́ tí ó bá jókòó láàárín awo ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ohùn rẹ̀ yóò gbà wọlé.

Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí mo ń kọ́ni, ó hàn gbangba pé èdè tí ọmọ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ sábà máa ń borí tòbí. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ Yorùbá tí a bí sí London: ohùn àwọn ọmọ àdúgbò ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ohùn bàbá rẹ̀. Òbí lè fi Yorùbá pàṣẹ, kí ó fi í súre. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ yóò fi í bá jiyàn, tí yóò fi í bá ṣẹ̀fẹ̀, tí yóò fi í bẹ̀ lẹ́yìn ìjà? Inú eré ni a ti ń kọ́ ìwọ̀nyí.

N kò ní kí ẹ tú ọmọ sílẹ̀ fún ajínigbé. Ẹ̀rù òbí kì í ṣe asán. Ọlọ́kadà pàápàá kì í wo iwájú wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agbo-ilé, àgbà ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ lára ọmọ gbogbo. Nígbà tí olúkúlùkù wọlé tì í, igba ojú náà ni a pàdánù, òpópónà sì léwu ju ti àná lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ka eré àti ìsinmi mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí á dúró de ìjọba kí ó tó ṣẹ. A mọ bí a ṣe ń dí òpópónà. Bí òkú àgbà bá kú, a ó fa àtíbàbà láti ìgun dé ìgun, ọlọ́kọ̀ yóò sì gba ibòmíràn láìjanpata. Ṣé òkú wá yẹ lẹ́ni à ń dínà fún ju ọmọ lọ?

Ẹ bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín sọ̀rọ̀: kí a dí òpópónà kan fún wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí àgbà méjì jókòó sí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojúbọ tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ẹ ṣí i fún ọmọ gbogbo, láìbéèrè ẹ̀sìn bàbá wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, a máa ń wọ aṣọ funfun fún àwọn ọmọ, a ó sì jókòó tì wọ́n kí wọ́n má baà dọ̀tí títí àwa àgbà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà dọ̀tí. Ẹ fún wọn ní òkòtó, ẹ fún wọn ní ayò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ja ìjàkadì, kí wọ́n sì fi Yorùbá bú ara wọn díẹ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.