Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Dá Padà Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Nígbà tí àwọn méjì nínú wa wà ní Okeluse fún TP ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ilé olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ni wọ́n dé sí. Àǹtí la ó máa pè é níbí, nítorí kò fẹ́ ká dárúkọ òun. NCE ló ní, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó lọ gba dìgírì. Ó ní kó san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kó mú rìsíìtì wá, òun yóò dá owó rẹ̀ padà fún un. Àǹtí yá 150,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó san án, ó sì mú rìsíìtì lọ.

Ọ̀gá kò yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n inú owó oṣù ni wọ́n da owó náà pọ̀ mọ́, wọ́n sì yọ owó orí lára gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 100,000 náírà ni owó oṣù Àǹtí, èyí tó jẹ́ 1,200,000 lọ́dún. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni 150,000 Àǹtí bọ́ sí pátápátá, owó orí tó sì bá a lọ jẹ́ 22,500. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò bá a ṣírò 127,500 o. 150,000 pípé ni wọ́n ń retí, pẹ̀lú èlé.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé baba wa kì í pe gbèsè tí wọ́n san padà ní èrè. Bí o bá bá mi ra iṣu ní ọjà Ọ̀wọ̀, tí mo dá owó rẹ padà fún ọ nígbà tí o dé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé o pa owó lọ́wọ́ mi. Òfin owó orí ti 1993, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òpin ọdún 2025, pàápàá mọ èyí. Ó ní gbogbo owó oṣù, àjẹmọ́nú àti ẹ̀bùn tó wá láti ibi iṣẹ́ ni wọn yóò gba owó orí lé lórí, àfi owó tí òṣìṣẹ́ ná lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá padà fún un, tí kò sì jẹ èrè kankan lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há sí ni pé, ṣé lílọ gba dìgírì jẹ́ “ẹnu iṣẹ́”? Akọ̀wé tó ń ṣètò owó oṣù kò fẹ́ fi ọrùn ara rẹ̀ dáhùn. Bí kò bá yọ ọ́, tí àwọn agbowó-orí bá dé, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀. Nítorí náà ó yọ ọ́. A kò bá a jà.

Ohun tó dùn wá jù ni pé òfin tuntun yìí mọ bí a ti ń ṣàánú. Ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, títí dé 500,000 náírà, kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, owó ìdójútòfò ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀.

A jiyàn gan-an lórí èyí láàárín ara wa. Ọ̀kan nínú wa, tí baba rẹ̀ ń dáko kòkó, ní kí ló kan òun. Ó ní kò sẹ́ni tó dá owó kankan padà fún baba òun, apá rẹ̀ ló fi rán òun wá síbí, kí ló dé tí a fẹ́ ṣàánú ẹni tó ti rí olùrànlọ́wọ́? Òmíràn ní bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yìí gbayawu, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ epo ní Èkó ni yóò kọ́kọ́ gbabẹ̀ wọlé. Wọn yóò pe ìdajì owó oṣù wọn ní owó ilé-ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì rí èsì tó pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn lẹ́nu mọ́ títí di ìsinsìnyí.

Ti èkejì ní èsì: kí wọ́n fi gbèdéke sí i. Láti 1978 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin pé owó tí agbanisíṣẹ́ bá ná lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe owó oṣù. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fi ààlà sí i ní 5,250 dọ́là lọ́dún. Ohun tó bá lé sí i ni wọ́n ń gba owó orí lé lórí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ tó bá bá iṣẹ́ ẹni mu kò ní owó orí lórí, òfin wọn ti 2003 sọ ọ́ kedere. Kò sí èyí tó kọjá agbára Nàìjíríà nínú méjèèjì. Kí ìgbìmọ̀ àjọṣe àwọn agbowó-orí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joint Revenue Board báyìí, kọ ìtọ́nisọ́nà ojú ìwé kan péré: bí agbanisíṣẹ́ bá fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, tí rìsíìtì wà, tí owó náà kò sì kọjá iye báyìí, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kí iléeṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kọ ọ́ ní Yorùbá. A ti ṣetán láti bá wọn túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀ Okeluse, kò sì sí àgbà tí ẹ bá jókòó tì níbẹ̀ tí kò ní sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì fún yín. Bí iléeṣẹ́ bá dé lóòótọ́, wọn yóò nílò àwọn tó mọ ẹ̀rọ, àwọn tó mọ ìṣirò, àwọn tó mọ òkúta. Ọmọ ìlú tó bá gba iṣẹ́ kékeré níbẹ̀, tí wọ́n ní kó lọ kàwé sí i ní Poli Ọ̀wọ̀ tàbí ní Àkùngbá, ọ̀nà tí Àǹtí gbà yìí náà ni yóò gbà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, tí ẹ ń ṣe ìwé owó oṣù fún àwọn ènìyàn, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín. Àǹtí ti san owó ọdún kejì. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú Bíbélì rẹ̀, kò tíì mú un lọ.