Wákàtí Tí Òfin Fún Ọmú, Kó Fún Físíò Náà

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ pé ebi kì í dúró de ọmọ ọwọ́. Láti ọdún 1974 ló ti là á sílẹ̀ pé, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi ìbímọ, kí obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú máa rí ààbọ̀ wákàtí gbà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lákòókò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá pé ọdún méjì tí kò rìn, tàbí tí kò tíì lè pe ìyá rẹ̀, tí dókítà wá ní kí wọ́n máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún físíò àti ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, òfin ò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Wákàtí bíi mélòó kan lọ́sẹ̀ ló yẹ kó yọ̀ǹda fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láìgé owó oṣù wọn.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe abẹ́rẹ́ ibà tí ẹnikẹ́ni lè gbé ọmọ lọ gbà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: olùtọ́jú á gbé bọ́ọ̀lù síbi tọ́wọ́ ọmọ ò tó, á wá dákẹ́. Kò ní gbé e fún un, àfi bí ọmọ bá nàka sí i tàbí tó dún “bọ́”. Dídákẹ́ yẹn gan-an lòbí wá kọ́, torí wákàtí kan péré lọmọ ń lò lọ́dọ̀ olùtọ́jú nínú wákàtí 168 tó wà lọ́sẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará ilé ni ìyókù wà. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbé e lọ torí pé ìyá àti bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò délé. Bẹ́ẹ̀ kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn kan á ní kí ìyá kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó wo ni wọ́n á wá fi sanwó ìtọ́jú? Lórílẹ̀-èdè tí owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 70,000 náírà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń sanwó ìwòsàn látinú àpò ara wọn, iṣẹ́ yẹn ló ń gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Àwọn agbanisíṣẹ́ á ní àdánù ni. Àdánù ọ̀hún ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: òbí tí kò ráàyè gbà á purọ́ pé ara òun ò yá, á sì pa odidi ọjọ́ kan jẹ. Wákàtí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí káàdì ọsibítù jẹ́rìí sí, sàn jùyẹn lọ. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 gbà kí òṣìṣẹ́ gé ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 rẹ̀ sí wákàtí wákàtí nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn líle. Lóòótọ́, kì í ṣe ìsinmi olówó, iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó 50 kò sí níbẹ̀. Àwa náà lè yọ àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè fi àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí Èkó ti ṣe lọ́dún 2014 nígbà tó fún àwọn bàbá ọmọ tuntun ní ìsinmi ọjọ́ 10.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìyá tó ń pàtẹ lọ́jà kò ní ọ̀gá tó máa fún un láàyè. Òtítọ́ ni. Ohun tí òun nílò ni olùtọ́jú ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò, kó má bàa jẹ́ pé láti Ìkòròdú ni yóò ti máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì gba ti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣì kù tí àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ìyá nìkan ni òfin fún ní wákàtí ọmú, torí òun nìkan ló ní in. Gbígbé ọmọ lọ sí físíò ò gba ọmú: “òbí” ni kí wọ́n kọ sínú òfin, kí bàbá náà lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọjọ́ tirẹ̀.