Bí Irọ́ Lọ Lógún Ọdún, Ta Ni Yóò Bá Òtítọ́ Lé E?

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. A ó ní kó fọwọ́ lẹ́rán, kó máa wo iṣẹ́ Olúwa. Èmi kò gbà pé ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn nìyẹn. Irọ́ ń rìn nínú òwe yìí, òtítọ́ sì gbọ́dọ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kó tó lè bá a. Ẹni tó jókòó kì í lé ẹnikẹ́ni bá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Dennis Rader ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1974 sí 1991, ó pa ènìyàn 10, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá àti oníròyìn láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó níyàwó, ó bímọ, òun sì ni ààrẹ ìgbìmọ̀ ìjọ tó ń lọ. Nígbà tó yá, ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé bí òun bá fi dísìkì kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ǹjẹ́ wọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ òun? Ọlọ́pàá gba inú ìwé ìròyìn dá a lóhùn pé kò séwu. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2005, dísìkì pẹlẹbẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KSAS.

Kò sí ọ̀rọ̀ gidi nínú fáìlì tó hàn sójútáyé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Randy Stone, ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò dúró lórí ohun tí ojú lásán rí. Ó wá ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ lọ. Ìwé Microsoft Word kan ló bá pàdé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ti kọ orúkọ Christ Lutheran Church sí i lára, ó tún kọ ọ́ pé Dennis ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Wọ́n wá ìjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ààrẹ ìgbìmọ̀ sì yọ. Síbẹ̀ wọn kò tíì mú un. Wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n fi DNA ọmọ rẹ̀ obìnrin wé èyí tí apànìyàn fi sílẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni wọ́n mú un. Irọ́ ti rìn fún ọdún 31. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni dísìkì kan fi tú u.

Báwo ni ohun tí a ti pa rẹ́ ṣe ń wà síbẹ̀? Bí ẹni tó nu orúkọ ayálégbé kúrò lára ilẹ̀kùn, tí ayálégbé sì ṣì wà nínú yàrá, ni pípa fáìlì rẹ́ rí lórí ọ̀pọ̀ dísìkì. Yàrá kì í ṣófo àfi bí ẹlòmíràn bá kó wọ ibẹ̀. Àwọn dísìkì SSD òde òní kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀; àwọn fúnra wọn lè nu ibẹ̀ mọ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lé òtítọ́ kò fi gbọ́dọ̀ fi falẹ̀.

Kò sì gbọ́dọ̀ kánjú. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wíwá ẹ̀rí nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni pé a kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Fóònù tí wọ́n bá gbà wọlé yóò wọ inú àpò tí nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó sí òkèèrè kó nù ún. Dísìkì ní tirẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ ká kọ nǹkan sí i dí i, wọn yóò wá da gbogbo inú rẹ̀ kọ, títí kan ibi tó dà bí òfìfo. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣírò hash, ìyẹn àmì ìdánimọ̀, ti ojúlówó àti ti ẹ̀dà. Bó bá jẹ́ SHA-256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni yóò jáde. Ẹ yí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo padà nínú ìwé, òmíràn pátápátá ni ẹ ó rí. Bí méjèèjì bá bára mu, kò sí agbẹjọ́rò tó lè sọ pé ẹ̀dà yàtọ̀ sí ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi UTC, ìyẹn aago àgbáyé, kọ àkókò sílẹ̀, wákàtí kan ni aago Nàìjíríà sì fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣírò wákàtí yẹn lè fi aláìṣẹ̀ sí ibi tí kò sí. Mo ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá lọ, torí pé òtítọ́ tí à ń lé lè wá dá ẹni tí a fura sí láre.

Ilé ẹjọ́ wa kì í sì í gba òtítọ́ tó wọlé láìgba ẹnu ọ̀nà. Ní 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìdìbò gómìnà Bayelsa, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọn kò ṣe ohun tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè. Òfin náà fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá wù láti kọ́ iṣẹ́ yìí, Autopsy, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, wà lọ́fẹ̀ẹ́, iléeṣẹ́ NIST ti Amẹ́ríkà sì ní àwọn ẹ̀dà dísìkì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dánra wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ti lù ní jìbìtì, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp yẹn rẹ́ nítorí ìtìjú, ẹ má jẹ́ kí alátùn-únṣe fóònù nu inú rẹ̀. Àwòrán ojú fóònù nìkan kò tó. Fóònù náà gan-an ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ fún ọlọ́pàá.